Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń dán kọ́ ló ń gbé ni délé: Bí ẹ ṣe lè yan ríìmù tí yóò tọ́jọ́

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá lọ ra kẹ̀kẹ́ ológeere fún ọmọ yín tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, tàbí fún ara yín, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń wò? Àwọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wò. A óò fọwọ́ tẹ ìjókòó rẹ̀ bóyá ó rọ̀, a óò tẹ aago rẹ̀ bóyá ó ń dún, a óò wò ó bóyá ó ní káríà lẹ́yìn, lẹ́yìn náà la óò bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo òrùka roboto tí táyà jókòó lé, èyí tí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń pè ní ríìmù. Bẹ́ẹ̀, òun ló ru gbogbo ẹrù náà. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, òun náà ni bíréèkì ń dì mú nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró.

Èmi náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan ni mo rà, ríìmù rẹ̀ ń dán yinrinyinrin bíi dígí, ìyẹn gan-an ló sì fà mí mọ́ra. Gbogbo àkókò ẹ̀rùn ni mo fi gùn ún tí kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ni mo ń bọ̀ láti orí òkè kan ní Abẹ́òkúta. Mo fún bíréèkì méjèèjì pọ̀, àfi bí ẹni tó di ọṣẹ mú nínú omi. Kẹ̀kẹ́ náà ń sáré lọ, ìsàlẹ̀ òkè ń bọ̀, gọ́tà sì wà níwájú. Òkìtì yanrìn tí ẹnì kan tó ń kọ́lé dà sẹ́bàá ọ̀nà ló gbà mí sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, orúnkún mi wú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé kì í ṣe mọ́tò ni mo lọ kọlù.

Bàbá tí mo gbé e lọ bá pé kó bá mi pààrọ̀ bíréèkì kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, “Ọmọ mi, bíréèkì rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ríìmù yìí ni kó o bi. Irin tí wọ́n fi kúróòmù bò ni. Bí omi bá ti kàn án, rọ́bà ò ní rí nǹkan dì mú mọ́.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èwo ni kí n wá rà?” Ìdáhùn tó fún mi lọ́jọ́ náà, àti ohun tí mo ti kọ́ kún un láti ìgbà náà, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kí nìdí tí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tún fi jẹ yọ?

Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí. Ní May 29, ọdún 2023, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí a ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 fún lítà kan di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Owó ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọ́n, owó ọ̀kadà wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé sì tún lọ nu eruku kúrò lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti gbé há àjà.

Àǹfààní rẹ̀ fún ara náà kò kéré. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lọ́nà tí yóò mú kí èémí rẹ̀ yára díẹ̀, kí ọmọ ọdún 5 sí 17 sì máa lò ó fún wákàtí kan lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà tàbí síbi iṣẹ́ ti ń san nínú gbèsè yẹn láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò gbọ́dọ̀ ṣubú láti orí kẹ̀kẹ́, nítorí egungun àgbà kì í tètè jinná. Ọmọdé náà kò mọ bí a ṣe ń fi ọgbọ́n dúró nígbà tí bíréèkì bá kọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ríìmù fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, tí kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan.

Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ń ru ẹrù

Ẹ rántí ìlù dùndún. Awọ ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n ọ̀sán tó fa awọ náà láti ojú kan dé èkejì ló ń jẹ́ kó fọhùn. Bí ọ̀sán bá dẹ̀, ìlù ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rí. Àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní sípóòkù di mọ́ họ́ọ̀bù tó wà láàárín, wọ́n sì ń fa ríìmù wọnú láti ibi gbogbo yíká. Bí wọ́n bá fà á dọ́gba, ríìmù á gún, á sì le. Bí ọ̀kan bá dẹ̀ nínú wọn, iṣẹ́ rẹ̀ di ti àwọn tó kù.

Nígbà tí ẹ bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́, àwọn sípóòkù tó wà nísàlẹ̀ máa ń dẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì tún le bí ẹsẹ̀ ti ń yí. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ 28 ínṣì máa ń yí ní nǹkan bí ìgbà 450 nínú kìlómítà kan. Bí ibi iṣẹ́ yín bá jìn tó kìlómítà 3, àlọ àti àbọ̀ yín lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí ìgbà 2,700. Ẹ ti rí bí a ṣe máa ń ká wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi já. Ohun tó ń ṣe sípóòkù tó dẹ̀ nìyẹn, ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ họ́ọ̀bù ló sì sábà máa ń gbà já.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń jìyà jù, nítorí òun ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n ẹni tó jókòó, òun náà ló sì gbé ẹrù orí káríà. Bí owó yín kò bá tó láti pààrọ̀ ríìmù méjèèjì sí èyí tó lágbára, ti ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Irin ni, àbí àlùmíníọ̀mù?

Oríṣi ríìmù méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Àkọ́kọ́ ni ti irin tí wọ́n fi kúróòmù bò kó lè máa dán. Èkejì ni ti àlùmíníọ̀mù, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìkòkò ìdáná funfun, àmọ́ wọ́n máa ń kun àwọn mìíràn ní dúdú. Ẹ má jẹ́ kí ojú tàn yín. Ẹ mú òòfà dání, ìyẹn irin tó ń fa irin mọ́ra, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò àtijọ́. Ẹ fi kan ríìmù náà. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí kò bá lẹ̀, àlùmíníọ̀mù ni. Kò sí oníṣòwò tó lè bá òòfà jiyàn.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín àwọn méjèèjì ni ti bíréèkì nínú òjò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n David Gordon Wilson sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ kẹ̀kẹ́. Wọ́n rí i pé bí omi bá kan ríìmù irin oníkúróòmù, agbára tí rọ́bà bíréèkì fi ń dì í mú kì í tó ìdámẹ́wàá èyí tó ní nígbà tó gbẹ. Ẹ gbọ́ o, ìdámẹ́wàá! Omi máa ń dín agbára bíréèkì kù lára àlùmíníọ̀mù náà, ṣùgbọ́n kò burú tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ilẹ̀ wa yìí tí òjò fi ń rọ̀ fún oṣù mẹ́fà, méje nínú ọdún, èyí nìkan tó láti fi pinnu.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, irin máa ń dípẹtà. Ibi tí ojú kì í dé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ túùbù, níbi tí orí àwọn sípóòkù wà. Ẹ óò máa lẹ túùbù lọ́dọ̀ fọ́kánáísà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ óò máa rò pé ìṣó ni, láì mọ̀ pé ìpẹtà ló ń gún un láti inú. Irin tún wúwo ju àlùmíníọ̀mù lọ, orúnkún àgbà á sì mọ̀ ọ́n lára bó bá di pé kí a gun òkè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, irin náà ní ìwúlò tirẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, bó bá sì wọ́ díẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ lè fi òòlù lù ú padà. Àlùmíníọ̀mù tó bá tẹ̀ gan-an tàbí tó sán, ẹ kàn gbé e jù nù ni. Bákan náà, bí bíréèkì kẹ̀kẹ́ yín bá wà nínú họ́ọ̀bù, tàbí tó jẹ́ oní-dísìkì, omi tó kan ríìmù kò kan bíréèkì yín. Ẹni tó ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fara mọ́ irin, bó bá ti gba pé òun á máa nù ún gbẹ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní Raleigh àtijọ́

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin bàbá wa kan ṣì ní kẹ̀kẹ́ Raleigh, Rudge tàbí Hercules tí ẹ fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, tàbí tí ẹ fi lọ sóko kòkó nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ tó lágbára ni, ẹ má tà á ní ẹdinwó. Ẹsẹ̀ iwájú èyí tí wọ́n ṣe láyé àtijọ́ ní Ìlú Ọba sábà máa ń ní sípóòkù 32, ti ẹ̀yìn sì máa ń ní 40. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń jìyà.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo bíréèkì onírin gígùn, tó máa ń fa rọ́bà sókè láti inú wá, tí kì í fún ríìmù láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ríìmù tó bá irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ mu yàtọ̀ ní ìrísí, inú rẹ̀ ni rọ́bà ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ sì fi ríìmù àlùmíníọ̀mù ìgbàlódé sí i, bíréèkì yẹn kò ní rí ibi dì mú. Ẹ ní láti pààrọ̀ bíréèkì pọ̀ mọ́ ọn ni, tàbí kí ẹ lo họ́ọ̀bù tó ní bíréèkì nínú. Bí agbára kò bá ká ìyẹn, ẹ tọ́jú ti irin yẹn dáadáa, kí ẹ má sì gùn ún nínú òjò níbi tí òkè bá wà.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ mọ̀

Ọ̀pọ̀ owó ló ti ṣòfò nítorí pé ẹni tó lọ ra nǹkan kàn sọ pé, “Ẹ fún mi ní 28.” Kì í ṣe gbogbo 28 ló jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ẹ óò rí nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi àmì sáàárín, bíi 40-635 tàbí 47-559. Ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Ti ìkejì ni ìbú ibi tí etí táyà ń jókòó sí lórí ríìmù, láti apá kan dé ìkejì. Èyí kejì yìí ni kí ẹ kọ sínú ìwé, kí ẹ fi há orí.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tó jẹ́ 28 ínṣì, 635 ni tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ òde òní tí wọ́n tún ń pè ní 28, tàbí 700C, 622 ni. Mìlímítà 13 ló wà láàárín wọn, táyà ọ̀kan kò sì lè wọ èkejì láéláé. Bákan náà ni 26. Ti kẹ̀kẹ́ onítáyà gbàǹgbà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tòkunbọ̀ jẹ́ 559, ti 26 àtijọ́ onítáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì jẹ́ 590. Fún ti àwọn ọmọdé, 24 ínṣì tó wọ́pọ̀ jẹ́ 507, 20 ínṣì tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ 406.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, tàbí tó fẹ́ máa rin ìrìn àjò díẹ̀ láti ìlú kan sí èkejì, ni pé kó mú 559 tàbí 622. Táyà wọn ló rọrùn láti rí. Ríìmù tó dára jù láyé kò wúlò bí ẹ kò bá rí táyà fi sí i nígbà tó bá bẹ́ lọ́nà.

Bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó lágbára

Èkínní, ẹ yan èyí tí ògiri rẹ̀ jẹ́ méjì. Àwọn ríìmù kan wà tó jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, bí abọ́ pẹrẹsẹ. Àwọn mìíràn ní ìpele méjì, ihò sì wà láàárín bíi ti ọparun. Ìyẹn ló le jù. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí wọ́n ṣí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ túùbù. Bí orí sípóòkù bá jókòó sókè gẹ́gẹ́ níbi tí ọwọ́ yín kan, ìpele kan ni. Bí orí wọn bá wà nísàlẹ̀ inú ihò, tí ẹ ní láti yọjú wò ó, ìpele méjì ni.

Èkejì, ẹ ka ihò sípóòkù rẹ̀. Fún àgbàlagbà tó ń gbé ẹrù sẹ́yìn, 36 ni kí ẹ wá. 32 dára fún ẹni tí kò sanra, tí kì í gbé ẹrù. Èyí tí sípóòkù rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn tó ń sáré ìje ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe fún ọ̀nà oníkòtò. Ẹ rántí pé iye ihò ríìmù gbọ́dọ̀ bá ti họ́ọ̀bù yín mu.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn inú rẹ̀ láti etí kan sí èkejì. Èyí tó tó mìlímítà 19 sí 21 ni ó bá táyà tó fẹ̀ tó 35 sí 47 mu, irú táyà bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ ọ̀nà wa. Táyà tó fẹ̀ máa ń gba ìyà kòtò kó tó dé ara ríìmù, ó sì máa ń dín ìgbọ̀nrìrì tó ń kan ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn àgbà kù.

Ẹ̀kẹrin, bí bíréèkì yín bá jẹ́ èyí tó ń di ríìmù mú, ẹ rí i dájú pé ẹ̀gbẹ́ ríìmù náà tẹ́jú, kó má sì ní ọ̀dà níbi tí rọ́bà ti ń kàn án. Ríìmù kan wà tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ oní-dísìkì nìkan, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kò ṣeé dì mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín ní ìtakùtà.

Àwọn tó ní ọmọ ní London tàbí Amẹ́ríkà lè ní kí wọ́n bá àwọn wo ríìmù Ryde, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Netherlands tí wọ́n ń pè ní Rigida tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń pè ní Andra àti Sputnik, iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti ìrìn àjò ẹlẹ́rù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ fi nọ́ńbà ìbú, iye ihò, àti irú bíréèkì yín ránṣẹ́ sí wọn. Bí ẹ kò bá fi nǹkan mẹ́ta yìí ránṣẹ́, ohun tí kò bá kẹ̀kẹ́ yín mu ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, owó ẹrù á sì ti lọ.

Kí ẹ tó sanwó

Bó bá jẹ́ odindi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lẹ fẹ́ rà, tàbí odindi kẹ̀kẹ́, ẹ má kánjú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè kó kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí i, kí ẹ sì fi ojú sí ibi tí rọ́bà bíréèkì wà. Bó bá ń jó lọ sọ́tùn-ún sósì tàbí tó ń fò sókè sódò, ó ti wọ́ nìyẹn. Èyí tó jó díẹ̀ ṣeé fà gún, èyí tó jó púpọ̀ kì í gbọ́ràn mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìka ta àwọn sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ta gòjé. Àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà yẹ kó dún bákan náà. Bí ọ̀kan bá dún bí igi gbígbẹ láàárín àwọn tó ń dún gooro, ó ti dẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ onígíà, ohùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máa ń ga ju ti òsì lọ, ìyẹn kì í ṣe àléébù.

Ti tòkunbọ̀ ló gba ojú jù. Bíréèkì máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ríìmù díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé etí rúlà lé ẹ̀gbẹ́ náà níbi tí rọ́bà ti ń kàn án. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín kọjá, tí ẹ̀gbẹ́ náà ti jinkòtò, a ti gùn ún tán kó tó dé ọwọ́ yín. Àwọn ríìmù kan ní ilà tàbí ihò kékeré tí wọ́n fi sàmì sí ẹ̀gbẹ́ wọn, bí àmì náà bá ti parẹ́, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ríìmù tó ti fẹ́lẹ́ báyìí lè bú gbàù lójijì nítorí afẹ́fẹ́ inú táyà ń tì í síta. Ẹ tún wo ẹ̀bá ihò sípóòkù bóyá ó ti sán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ti sán, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún yín.

Owó rẹ̀ lè ju ti irin lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ fi ohun tí ẹ óò ná sílé ìwòsàn wé e.

Ìtọ́jú tí kò gba owó

Táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó ló ń pa ríìmù jù. Ẹ máa fún un ní afẹ́fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iye tó yẹ wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ọmọ bá dé ilé, kó mú àkísà kó fi nu ríìmù, kó sì yọ yanrìn tó bá há sínú rọ́bà bíréèkì, nítorí yanrìn yẹn ló ń ha ríìmù bí ayùn. Òróró kò gbọ́dọ̀ kan ríìmù. Mo ti rí ọmọ tó fi òróró nu tirẹ̀ kó lè máa dán kí wọ́n tó lọ síbi ayẹyẹ. Kò mọ̀ pé òun ti ba bíréèkì òun jẹ́.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun, ẹ gbé e padà lọ́dọ̀ ẹni tó hun ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó bá yín yẹ àwọn sípóòkù wò, nítorí wọ́n máa ń dẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá kọ́kọ́ ru ẹrù. Bí ọ̀kan bá já, ẹ má fi ọjọ́ kún ọjọ́. Ọ̀kan tó já lónìí ló ń pa méjì tọ̀la.

Kẹ̀kẹ́ ọmọdé kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 kan wúwo tó kìlógíráàmù 25. Bí ẹ bá so méjì mọ́ káríà, ẹ ti gbé ìwọ̀n ẹlòmíràn lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ pé nínú òjò, kí wọ́n tètè máa fún bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n fẹ́ dúró, kí rọ́bà lè kọ́kọ́ nu omi kúrò.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò yẹ kí àgbà wà nílé kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ wọ́, kó sì máa wò ó níran. Bí ẹ bá parí kíka ìwé yìí, ẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ilé yín sókè, kí ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé. Ẹ fi òòfà kàn án, ẹ ta sípóòkù rẹ̀, ẹ gbé rúlà lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ irin oníkúróòmù ni, tí bíréèkì sì ń dì í mú, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gùn ún lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú, títí tí ẹ óò fi rí owó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ óò lọ ire, ẹ óò bọ̀ ire. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.